Ohun Tó Kù Lẹ́yìn Epo

Ètò ìlera àti ọjà la tún gbé dé.

Ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà, ẹ̀yìn ẹbu ló wà. Ẹ jẹ́ ká jọ fi ọkàn rìn lọ sí ẹ̀yìn ibi tí ẹ ti ń ṣe epo. Kí lẹ rí níbẹ̀? Òkìtì kan. Ìhá wà níbẹ̀, òjò ti pa á, ó ń rùn. Èèpo ekùrọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ lásán gun orí rẹ̀. Ìdì òfìfo tí a ti já gbogbo ẹyìn kúrò lára rẹ̀ wà níbẹ̀, olú ti hù sí i. Omi dúdú kan sì ń ṣàn láti ìdí ìkòkò, ó ń wá ọ̀nà odò lọ.

Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká padà síwájú ẹbu. Kí lẹ rí níbẹ̀? Igi ìdáná ni, èyí tí ẹ fi owó rà.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Kí ló dé tí a fi ń ra iná níwájú, tí a sì ń da iná nù lẹ́yìn?

Ẹ JẸ́ KÁ KA ÒKÌTÌ NÁÀ

Àwọn tó ń fi ìwọ̀n ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo ti ṣírò rẹ̀. Bí a bá gbé 100 kílò ìdì ẹyìn tútù wá, ìdì òfìfo máa ń kó bíi 22 kílò nínú rẹ̀. Ìhá máa ń kó bíi 13. Èèpo ekùrọ́ máa ń kó bíi 6. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: 22 àti 13 jẹ́ 35. Ẹ fi 6 lé e, ó di 41. Epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀rọ rẹ̀ dára, bíi 20 kílò sí 22 ni wọ́n ń rí. Lọ́wọ́ tiwa tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí tí à ń fi ẹ̀rọ kékeré fún un, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí à ń dà sẹ́yìn ẹbu tó ìlọ́po méjì epo tí à ń gbé lọ sọ́jà.

Ọ̀pẹ àgbìn tuntun ni mo fi ṣe ìṣirò yẹn o, èyí tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Irúgbìn irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè ń pèsè. Kò jìnnà sí wa, láti 1922 ló sì ti wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀ tó ń dá hù lóko wa ní èèpo tó nípọn. Bó bá jẹ́ òun lẹ ń lò, èèpo yín á ju èyí tí mo kà lọ.

Ní Malaysia àti Indonesia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa jù lọ láyé, ìhá àti èèpo ekùrọ́ ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń kó sábẹ́ ìkòkò irin ńlá wọn. Ooru rẹ̀ ni wọ́n fi ń se ẹyìn, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní iná mànàmáná. Wọn kì í ra igi. Òkìtì ẹ̀yìn wọn ló ń bọ́ iná iwájú wọn.

Àwọn ìyá wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìhá ni wọ́n fi ń ran iná láàárọ̀. Alágbẹ̀dẹ ló ń wá èèpo ekùrọ́ kiri. Eérú ìdì ẹyìn ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ohun tó yí padà ni pé nígbà náà, ìkòkò kan ni ìyá kan ń sè. Lónìí ẹ̀rọ ti dé, ẹyìn ọ̀pọ̀ ilé ló ń gba ojú kan náà kọjá, òkìtì sì ti ga ju ẹni tó ń dà á lọ.

OHUN TÍ GÀÀRÍ TI KỌ́ WA

Kò sí nǹkan tuntun nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Báwo la ṣe ń ṣe gààrí? A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀, a ó kù ú, a ó yan án. Kí ló dé tí a fi ń rin ín? Torí pé ohun tó bá wà ní odindi, omi inú rẹ̀ kì í fẹ́ jáde. Ohun tó bá wẹ́ ló ń yára gbẹ, òun ló ń yára jóná, òun náà ló ń yára jẹrà di ajílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ìdọ̀tí ẹbu. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ rin ín. Ẹ fún omi rẹ̀. Ẹ sá a. Ẹni tó bá lè ṣe gààrí ti mọ iṣẹ́ yìí ná.

INÁ NÍ Í FẸ́ GBÍGBẸ

Kílò kan èèpo ekùrọ́ tó gbẹ ní agbára iná bíi ti kílò kan igi gbígbẹ, ó tilẹ̀ lè fi díẹ̀ jù ú lọ. Ìhá náà ní agbára, torí pé epo díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Àmọ́ bó bá tutù, iná á kọ́kọ́ máa se omi inú rẹ̀ ná, kó tó ráyè se ẹyìn yín. Èéfín nìkan lẹ ó rí.

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Bí ìyá mi bá ń se ẹyìn, ojú rẹ̀ á pọ́n títí di alẹ́, á máa wú ikọ́ lórí ẹní. Àwa ọmọ máa ń sọ pé iṣẹ́ epo le. Iṣẹ́ epo kọ́ ló ń ṣe é, igi tútù ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èéfín iná ìdáná inú ilé ṣekú pa mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé. Àwọn tó dúró ti iná jù ló ń fara gbá a jù, ìyẹn àwọn obìnrin àti ọmọ ẹ̀yìn wọn.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá fún epo gan-an ni kí ẹ tú ìhá ká, kí ẹ fi ọwọ́ ya á wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó sùn ní òkìtì. Ẹ yọ òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú èèpo ekùrọ́, kí ẹ sá òun náà. Bó bá gbẹ, ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, lórí pákó, kó má kan ilẹ̀. Àtíbàbà kékeré tí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ti tó.

Tí ẹ bá fẹ́ dáná, ìhá ni kí ẹ fi ran án, èèpo ekùrọ́ ni kó gbé e ró. Èèpo máa ń wà pẹ́kípẹ́kí, afẹ́fẹ́ kì í ráyè kọjá láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ bá yín ṣe irin oníhò tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ iná, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sí i. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dáná, kí ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ INÁ YÍN

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi táyà ran iná. Ó yá, kò sì ná wọn ní nǹkan kan. Àwọn míì ń kó ọ̀rá sábẹ́ ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èéfín táyà àti ti ọ̀rá ní oró tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó tún ń bà sórí epo tí ẹ máa tà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rá gan-an ti wà nínú òfin: òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2017 ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, àti ṣíṣe é, àti títà á, àti lílò ó.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, “Ẹ̀yin aráa rédíò, a gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń jó táyà. Ṣé tiwọn kì í ṣe èéfín ni?” Ìbéèrè tó dáa ni. Ààrò ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì máa ń gbóná dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n ooru. Omi tó ń hó lórí iná yín, 100 péré ni. Nínú ooru tó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti gé táyà náà wẹ́wẹ́ kó tó wọlé, oró inú rẹ̀ á sì jóná tán. Ààrò ìdí ẹbu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà: ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́hùn-ún, ti fi èèpo ekùrọ́ kún ohun tó fi ń dáná. Èèpo tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbí, ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá a.

ÌDÌ ÒFÌFO: Ẹ DÁ A PADÀ FÚN Ọ̀PẸ

Ìdì òfìfo ló pọ̀ jù nínú òkìtì, òun ló sì ṣòro jù láti jó. Bí a bá gbé 100 kílò rẹ̀ wá, omi inú rẹ̀ lè lé ní 60 kílò. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀rọ já a wẹ́wẹ́, wọ́n ń fún omi rẹ̀, kí wọ́n tó lè kó o sínú iná. Àwa kò ní irú ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n a ní àdá.

Ẹ fi àdá la ìdì náà sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ẹ kó o lọ sóko, kí ẹ tẹ́ ẹ yí ọ̀pẹ ká ní ìpele kan péré. Ó máa ń pa koríko, ó máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá sì jẹrà, ó ń dá pọ́táṣì tí ọ̀pẹ fà padà sínú ilẹ̀. Pọ́táṣì yìí kan náà ló jẹ́ kí eérú rẹ̀ dára fún ọṣẹ. Ẹ má kó o jọ gègèrè sábẹ́ ọ̀pẹ o. Kòkòrò dúdú oníwo, èyí tí ń gún ọkàn ọ̀pẹ, inú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń yé ẹyin sí.

Bí ẹ bá fẹ́ ajílẹ̀ fún tòmátì tàbí ẹ̀fọ́, ẹ gé e wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ́ ìpele kan, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ lé e, ẹ tún tẹ́ òmíràn. Ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ máa fi ọkọ́ yí i padà. Láàárín oṣù mẹ́ta, tí ẹ bá gé e dáadáa, á ti dúdú, á sì máa fọ́ lọ́wọ́. Tí ẹ kò bá gé e, á pẹ́ gan-an.

OMI DÚDÚ ŃKỌ́?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n odò kì í ṣe ààtàn. Omi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo ní ọ̀rá àti èérún ẹyìn nínú. Bó bá wọ odò, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí á máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ẹja á kú. Omi á máa rùn. Àwọn ọmọ wa ló sì ń lọ pọn ọ́n.

Ẹ gbẹ́ ihò méjì tó tẹ̀lé ara wọn, kó jìnnà tó 30 mítà sí kànga tàbí odò. Nínú ihò kìíní, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí epo tó ṣẹ́ kù léfòó. Ẹ lè bù ú fún ọṣẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dà á sórí òkìtì ajílẹ̀ yín. Ẹ yí ihò náà ká pẹ̀lú ọgbà, nítorí àwọn ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí nǹkan yìí ṣe lè gòkè, kó lọ wo Songhai ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Fada Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ kan ni oúnjẹ iṣẹ́ kejì. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí sínú kòtò tí a dé pa, gáàsì ìdáná á jáde nínú rẹ̀, èyí tó kù á di ajílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà pẹ̀lú.

ÈÈPO Ẹ̀GẸ́: Ẹ RIN ÒUN NÁÀ

Òkìtì kejì ni ti àwọn onígààrí. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró, ó sì ti pa ewúrẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Ẹni tó bá sá a lódindi máa lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí òjò bá sì dé, á bu, funfun-funfun á bò ó. Èyí tó ti bu kò dára fún ẹran kankan.

Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn, ní ibùdó ILRI tó ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn àti ní IITA, wo ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ náà ló máa yanjú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé:

Ẹ ṣa igi àti ìdí ẹ̀gẹ́ líle kúrò, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù. Ọjọ́ tí ẹ bó o ni kí ẹ ti rin ín. Ẹ rin ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè kúnná. Ẹ kó o sápò, kí ẹ fi jáàkì fún un, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fọ́ ọ, ẹ kù ú, kí ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí tapólì. Bí oòrùn bá mú, wákàtí 6 sí 8 ti tó. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ yan án nínú agbada gààrí. Lára 100 kílò tútù, ẹ ó rí bíi 30 kílò tó gbẹ. Rírin àti fífún yẹn ló ń lé oró rẹ̀ jáde. Èyí tó kúnná dára fún ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ, èyí tó ṣe ìrógírógí dára fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó wọn í jẹ, nítorí kò ní èròjà tó ń kọ́ ẹran ara nínú tó. Ẹ fi ewé ẹ̀wà tàbí ìdàrọ́ ekùrọ́, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àdín, kún un.

Ìkìlọ̀ méjì: ẹ má jẹ́ kí ẹran mu omi tó jáde lára rẹ̀. Ẹ sì fọ ẹ̀rọ náà dáadáa kí ẹ tó fi rin ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn máa jẹ.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ, ÀTI Ọ̀RỌ̀ TA LÓ NI Í

Ibí yìí ni ìjà máa ń wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí òkìtì bá jẹ́ ìdọ̀tí, obìnrin ló ń gbá a. Ọjọ́ tó bá di owó, ẹ ó rí i pé olówó rẹ̀ á pọ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ á ní òun ló ni èèpo. Ẹni tó ni ilẹ̀ á ní orí ilẹ̀ òun ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ru ẹyìn wá, ẹ ó wá máa wòye.

Ẹ má dúró dìgbà náà. Kí ẹ tó ṣa èèpo kan ṣoṣo, ẹ bá onílé ẹ̀rọ jókòó níwájú ẹlẹ́rìí. Ta ló ni ìhá? Ta ló ni èèpo ekùrọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbà á, ṣé owó ẹ̀rọ á wálẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ má sì kọ́kọ́ ronú títà. Ẹ dán ọ̀sẹ̀ méjì wò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fi igi nìkan se ẹyìn, kí ẹ kọ iye sẹ́fà tí igi gbà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìhá àti èèpo gbígbẹ kún un, kí ẹ tún kọ ọ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni èrè yín àkọ́kọ́. Owó tí kò jáde lápò, òwò ni.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ gbé lọ tà. Ẹ jọ kó o jọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, torí oníbàárà ńlá kì í dúró de àpò kan. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí gbogbo yín máa lò. Kó gbẹ dénú. Ẹni tó bá wọ́n omi sí i kó lè wúwo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa tà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

Bí a bá ti pa rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ fi ìṣẹ́jú mélòó kan jíròrò èyí:

1. Ní ẹbu tiwa, níbo ni omi dúdú ń ṣàn lọ? Ta ló ń pọn omi nísàlẹ̀ ibẹ̀?

2. Ta ló ń kó ìhá àti èèpo báyìí? Ṣé a ti bá a sọ ọ́ rí?

3. Ta ni nínú wa tó lè yọ̀ǹda igun kan fún àtíbàbà, kí ìhá má bàa tutù?

4. Bí a bá fẹ́ rin èèpo ẹ̀gẹ́, ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń sinmi?

Kí akọ̀wé mú ìdáhùn ìbéèrè kìíní àti ìkejì wá fún wa ṣáájú ètò tó ń bọ̀. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́, a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, kò sí ohun tí bàbá ńlá wa ń sọ nù lára ọ̀pẹ. Imọ̀ rẹ̀ ń bo ilé, ọwọ̀ rẹ̀ ń gbá ilé, ẹmu rẹ̀ ń gba àlejò. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tiwa ni ọ̀pẹ máa di ìdọ̀tí. Ẹ tú òkìtì náà ká lọ́la, kí òjò tó dé. Ó dàárọ̀ o.